Ilé-Ìkàwé ní Ojúde Ẹlòmíràn: Insta Novels àti Òǹkàwé Rẹ̀

Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ, ọdún 2018, New York Public Library gbé ìwé Lewis Carroll tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Alice's Adventures in Wonderland sí orí Instagram. Kì í ṣe àwòrán èèpo ìwé náà ni wọ́n gbé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìkéde pé ìwé náà wà ní àrọ́wọ́tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ yá a. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà gan-an ni, láti ojú-ìwé kan dé èkejì, pẹ̀lú àwòrán tí ń mira, èyí tí ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Magoz ṣe sí i. Insta Novels ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Mother, ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan ní New York, ni ó bá ilé-ìkàwé náà gbé e kalẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, iṣẹ́ mẹ́rin mìíràn ti tẹ̀ lé e: The Yellow Wallpaper ti Charlotte Perkins Gilman, The Metamorphosis ti Franz Kafka, ewì The Raven ti Edgar Allan Poe, àti A Christmas Carol ti Charles Dickens.

Apá tí wọ́n lò nínú Instagram ni èyí tí wọ́n ń pè ní Stories. Ohun tí ènìyàn bá fi síbẹ̀ kì í lò ju wákàtí 24 lọ kí ó tó pòórá, àfi bí ẹni tí ó fi í síbẹ̀ bá kó o sí abẹ́ Highlights, èyí tí Instagram dá sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2017. Kódà láàárín wákàtí 24 náà, àwòrán kan kì í dúró lójú ẹni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó ti kọjá, òmíràn ti gba ipò rẹ̀. Oúnjẹ àti òde àríyá ni wọ́n ṣe irú ibẹ̀ fún. Ó ṣòro láti ronú ibi mìíràn tí ó korò fún ìwé kíkà tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí ìṣòro yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ kí àwọn tí ó ṣe Insta Novels fún. Wọ́n fi àmì sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé, ní apá ọ̀tún, níbi tí àtàǹpàkò òǹkàwé yóò wà. Bí àtàǹpàkò bá wà lórí àmì náà, ojú-ìwé dúró. Bí ó bá kúrò, ojú-ìwé ṣí. Bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ kan di ìwé pélébé mú nínú ọkọ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wọn kò sì jẹ́ kí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà funfun báláú, kí ó má baà ta ojú. Nǹkan kékeré ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ronú kàn án mọ ohun tí ìwé kíkà jẹ́.

Ilé-ìkàwé náà sọ pé àwọn tí ó ka àwọn ìwé wọ̀nyí lórí Instagram ju 300,000 lọ. “Kà” nínú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò lè jù “ṣí” lọ, nítorí kò sí ọ̀nà tí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan fi lè mọ̀ bóyá ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí fóònù ń kàwé ni tàbí oorun ti gbé e lọ. Síbẹ̀, iye náà kò kéré.

Ẹ̀sùn tí ó rọrùn jù láti fi kan irú iṣẹ́ báyìí ni pé ó gé ìwé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá kò níí tètè gba ẹ̀sùn yẹn wọlé. Nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Isaac B. Thomas dá sílẹ̀, ni ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ti kọ́kọ́ jáde láti 1929 wọ 1930, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n tó kó o pọ̀ di ìwé ní 1930. Gígé ni wọ́n gé e, gígé náà kò sì dín adùn rẹ̀ kù. Àlàfo tí ó wà láàárín lẹ́tà kan àti èkejì fún àwọn ará Èkó ní àyè láti jiyàn lórí obìnrin náà, kí wọ́n sì kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀bẹ ni ìṣòro, nígbà náà. Ohun mìíràn wà nínú ọ̀ràn Akéde Èkó tí ó yẹ ní fífi sọ́kàn: Thomas ni ó ni ìwé ìròyìn náà. Òun ni òǹkọ̀wé, òun ni olóòtú, òun náà ni onílé. Ẹni tí ó bá ra Akéde Èkó gbé e lọ sí ilé ara rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti ṣe àkọsílẹ̀ pé ó ka lẹ́tà kẹta lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fo ẹ̀kẹrin.

Àwọn iṣẹ́ márùn-ún náà kò bá ilé tuntun wọn mu bákan náà. Alice kò ní ìṣòro rárá. Ìtàn ọmọ tí ìwé aláìláwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sú, tí ó sì já sínú ihò, kò lè ṣàjèjì sí ibi tí àwòrán ti jẹ́ ọba. Magoz kò gbìyànjú láti bá John Tenniel díje, ẹni tí ó ya àwòrán inú ìwé náà nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1865. Ìlà rẹ̀ kò pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ tàn, ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun dákẹ́ sí. The Raven rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìpín méjìdínlógún ni, ìlà mẹ́fà mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ sì ń padà sórí ègbè rẹ̀. Kafka ni ó jìyà díẹ̀. Kì í tètè dá ìpínrọ̀ dúró. Bí ara Gregor Samsa ṣe há sínú yàrá ni gbólóhùn há sínú ìpínrọ̀. Fóònù kò lè gba irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìhámọ́ náà sì di nǹkan tí ń já ní gbogbo ìgbà tí àtàǹpàkò bá kúrò.

Dickens ni kò yẹ kí wọ́n mú rárá. Ìwé ohùn ni A Christmas Carol. Dickens fúnra rẹ̀ máa ń dúró níwájú èrò láti kà á sókè, àwọn gbólóhùn rẹ̀ sì gùn bí ti ẹni tí ó mọ̀ pé àwọn tí ń gbọ́ òun kò níí dìde. Ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú ìgbọ́ ìtàn yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá etí. Ojú àti àtàǹpàkò nìkan ni wọ́n fún un. Ọdún Kérésìmesì ni wọ́n fi mú un, ìyẹn sì jẹ́ ìdí tí ó dára fún olùpolówó, kò dára tó fún olùṣàyàn ìwé.

Ṣùgbọ́n The Yellow Wallpaper! Gilman tẹ ìtàn yìí jáde ní 1892. Obìnrin kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ni ó ń sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ dókítà, ti mú un lọ sí ilé kan ní ìgbèríko, ó fi í sí yàrá òkè, ó sì ti kà á léèwọ̀ fún un láti kọ̀wé. Ó ń kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, ó sì ń gbé e pamọ́ bí ó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìwé aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá náà ń gba ọkàn rẹ̀, títí ó fi rí obìnrin mìíràn tí ń rákò lẹ́yìn ọnà ara rẹ̀. Ìpínrọ̀ Gilman kúrú, òmíràn kò ju gbólóhùn kan lọ, nítorí ẹni tí ń kọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀ kò ní àyè gígùn. Lórí fóònù, ìkúrú yìí padà di ohun tí ó jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí a já gbà. Òǹkàwé náà ń fi ìka mú ojú-ìwé tí ń fẹ́ yọ́ lọ, bí obìnrin náà ṣe ń tẹjú mọ́ ògiri tí kò fẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá sinmi ọwọ́ díẹ̀, ìtàn náà ti lọ. Bóyá àwọn tí ó ṣètò iṣẹ́ náà rò ó bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò rò ó, kò sí ẹ̀dà mìíràn nínú ìwé tàbí lórí ẹ̀rọ tí ó fi ara òǹkàwé sínú ìtàn náà báyìí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti yíwọ́. Ìtàn obìnrin tí wọ́n ń ṣọ́ ni, ibi tí New York Public Library sì gbé e sí jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ òǹkàwé. Ẹni tí ó bá fi nǹkan sí Stories lè rí àkójọ àwọn tí ó wò ó. Instagram fúnra rẹ̀, tí Facebook rà ní 2012 ní bílíọ̀nù kan dọ́là, ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbà tí ènìyàn ṣí i, ibi tí ó ti padà sẹ́yìn, ibi tí ó ti sá kúrò. Iṣẹ́ ajé onílé náà ni láti mọ ohun tí ènìyàn ń tẹjú mọ́, kí ó lè fi ojú náà pawó lọ́wọ́ olùpolówó. Ilé-ìkàwé kò gba owó kankan lọ́wọ́ òǹkàwé, òtítọ́ ni. Onílé ni ó ń gbà á ní ọ̀nà tirẹ̀.

Iṣẹ́ ilé-ìkàwé ní ìpínlẹ̀ New York lòdì sí èyí pátápátá, kì í sì í ṣe ní ti àṣà nìkan. Òfin ìpínlẹ̀ náà ka àkọsílẹ̀ ohun tí ẹnì kan yá tàbí tí ó béèrè ní ilé-ìkàwé sí àṣírí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u síta àfi bí ẹni náà bá fọwọ́ sí i, tàbí bí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin mìíràn bá pa á láṣẹ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Aya tí ń wá ìwé lórí bí a ṣe ń kọ ọkọ sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ń wá ìwé nípa ohun tí kò lè bi òbí rẹ̀, aláìsàn tí kò tíì sọ fún ẹnì kankan: bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹnì kan ń wò wọ́n, wọn kò níí na ọwọ́ sí ìwé náà. Ẹnikẹ́ni kò níí fi Alice halẹ̀ mọ́ ènìyàn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ìkàwé tí ó bá sọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn pé ibí yìí náà jẹ́ ilé-ìkàwé ti ya orúkọ rere rẹ̀ fún ibi tí òfin náà kò dé.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Instagram kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ìwé tí wọ́n fi ṣí iṣẹ́ náà jẹ́ ìwé ọmọdé, ọmọ tí Carroll ń bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọlé. Nínú àwọn ẹ̀ka New York Public Library, kò sí ẹni tí yóò lé e jáde.

Ìdáhùn kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, òun ni pé ibi tí ènìyàn wà ni ó yẹ kí ìwé lọ. Òtítọ́ ni, ilé-ìkàwé sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní 1905, Mary Titcomb, olórí ilé-ìkàwé Washington County ní ìpínlẹ̀ Maryland, kó ìwé sínú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, ó sì ní kí wọ́n máa gbé e kiri oko àti abúlé tí àwọn ará rẹ̀ kò lè wá sí ìlú. Ojúde ẹlòmíràn ni kẹ̀kẹ́ náà ń dúró sí. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ilé-ìkàwé ni, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ni ó ń darí rẹ̀, àgbẹ̀ tí ó bá sì mú ìwé kan nínú rẹ̀ ń bá ilé-ìkàwé nìkan ní àdéhùn.

Òfin mìíràn tún ni ó yan àwọn ìwé márùn-ún náà, ju bí ẹnikẹ́ni ṣe yàn wọ́n lọ. Gbogbo àwọn òǹkọ̀wé wọn ti kú tipẹ́, àṣẹ lórí iṣẹ́ wọn sì ti kọjá àkókò. Ìwé òǹkọ̀wé tí ó wà láàyè kò ṣeé gbé sórí Instagram lọ́fẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé a dá òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé rẹ̀ lóhùn. Nítorí náà, ilé-ìkàwé kan tí pẹpẹ rẹ̀ kún fún ìwé lóríṣiríṣi èdè di ilé-ìkàwé àwọn òkú, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, bí ó bá ti dé ojúde onílé.

Àwọn ilé-ìkàwé mìíràn kò tilẹ̀ gbìyànjú láti gbé ìwé síbẹ̀. Ohùn ni wọ́n gbé lọ. Orkney Library ní Kirkwall, ní àríwá Scotland, ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ilé-ìkàwé erékùṣù kékeré ni, síbẹ̀ nígbà tí X ṣì ń jẹ́ Twitter, àwọn tí ń tẹ̀ lé e níbẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ará Orkney lọ, nítorí àwàdà rẹ̀ àti bí ó ṣe máa ń bá Shetland Library ṣe aáwọ̀ àwàdà. Ní 2015, wọ́n fi oyè ilé-ìkàwé tí ó dára jù lọ fún ọdún náà dá a lọ́lá. Ohun tí ó wú ni lórí nínú rẹ̀ ni pé kò polówó. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì tirẹ̀ tí ẹnì kan sì wọlé wá kí i. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ó rẹ́rìn-ín ju ẹ̀rín náà lọ.

Ohùn náà sì ní owó tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ni ó ń san án. Mychal Threets, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Solano County ní California, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 2023 nípa fídíò tí ó fi ń ròyìn àwọn ọmọdé àti àgbà tí ó bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Inú dídùn rẹ̀ sí ilé-ìkàwé kò ní ẹ̀tàn. Àwọn kan lórí X fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbèjà rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó kéde pé òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí òun lè tọ́jú ọkàn òun. Ilé-ìkàwé tí ó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ òun di ojú fún gbogbo ayé yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò tọ́jú ojú náà.

Ohun tí ó ṣe kókó jù lọ tí ilé-ìkàwé kan tíì fi ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ṣe kò ní àwòrán tí ń mira. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, nígbà tí wọ́n ń yọ ìwé kúrò lórí pẹpẹ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri Amẹ́ríkà, Brooklyn Public Library, tí ó dá dúró lọ́tọ̀ sí ti New York, bẹ̀rẹ̀ Books Unbanned. Ọ̀dọ́ tí ó wà láàárín ọdún 13 sí 21, ní ìpínlẹ̀ yòówù kí ó wà, lè gba káàdì ilé-ìkàwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ láti yá ìwé orí ẹ̀rọ. 50 dọ́là ni ará ìpínlẹ̀ mìíràn máa ń san tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ: ímeèlì, tàbí ọ̀rọ̀ kúkurú sí ìkànnì Instagram tí àwọn ọ̀dọ́ ilé-ìkàwé náà ń bójú tó. Instagram jẹ́ ẹnu-ọ̀nà níhìn-ín, kì í ṣe yàrá. Onílé lè rí i pé ọ̀dọ́ kan kan ilẹ̀kùn. Ohun tí ó kà lẹ́yìn ìgbà tí ó wọlé kò sí lára ohun tí onílé náà lè rí. Ímeèlì sì wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun lẹ́nu ọ̀nà pàápàá.

Pé ẹnu-ọ̀nà náà jẹ́ ẹnu-ọ̀nà tòótọ́ hàn nínú ìbínú tí ó fà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, olùkọ́ kan ní ìlú Norman, ní Oklahoma, fi bébà bo pẹpẹ ìwé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì lẹ àmì QR tí fóònù lè kà mọ́ ibẹ̀, èyí tí ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ tààrà sí Books Unbanned. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Insta Novels kò fa irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹrin kan náà, New York Public Library gbé tirẹ̀ kalẹ̀, Books for All ni wọ́n pè é. Ìwé mẹ́rin ni: Speak ti Laurie Halse Anderson, King and the Dragonflies ti Kacen Callender, Stamped ti Jason Reynolds àti Ibram X. Kendi, àti The Catcher in the Rye ti J. D. Salinger. Àwọn atẹ̀wé wọn fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni ní gbogbo Amẹ́ríkà tí ó bá ti pé ọdún 13 lè kà wọ́n títí di ìparí oṣù karùn-ún, láìní káàdì, láìtò sórí ìlà, láìsan owó ìtanràn. Kì í ṣe Instagram ni wọ́n gbé wọn sí. SimplyE ni, áàpù tí ilé-ìkàwé náà ṣe fúnra rẹ̀ láti 2016. Lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, ìkéde nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀. Wọn kò ní láti ya ibi tí àtàǹpàkò yóò wà sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé. Ojú-ìwé náà dúró níbi tí òǹkàwé fi í sí, títí yóò fi ṣetán láti ṣí èyí tí ó kàn.